Oníkéèkì àti Ọjọ́ Ìbí Olórí

"Ìyá, lọ́jọ́ tí ẹ ń po ìyẹ̀fun yẹn, ta lẹ ní lọ́kàn?"

Akọ̀ròyìn kan ló bi í, ọmọbìnrin kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí ìbòmú rẹ̀ ti wọ́ wá sábẹ́ àgbọ̀n. Kò fi ìbínú béèrè. Bó bá jẹ́ pé ìbínú ló fi béèrè ni, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ì bá rí nǹkan sọ padà, nítorí ó ti gbọ́ èébú púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e mì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bini, inú ara ló ń lọ jókòó sí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí ìyẹ̀fun tó gbẹ sí ìdí èékánná, ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn." Ó tì í. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn ti ń bá a jí, tó ń bá a jẹun.

Kí a tó lè mọ ìdí tí kò fi rí i dáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ilé tí ó ń gbé, àti àwọn tí ó ń bá gbé ibẹ̀.

Oníkéèkì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn tó jù ú lọ àti àwọn tó kéré sí i. Ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ní ìparí òpópónà, níbi tí ọkọ̀ èrò ti máa ń yí padà. Yàrá iwájú ló ti ń tajà. Yàrá ẹ̀yìn ni ààrò wà, ààrò onírin ńlá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í fẹ́ pa dé, tí ó máa ń fi orúnkún tì. Òkè ilé náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé pẹ̀lú ọkọ.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ. Ìyá wọn kú nígbà tí Oníkéèkì ṣì wà ní kékeré, ẹ̀gbọ́n náà kò sì tíì dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń gbé ọmọ lé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́, kò sì jù ú nù. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń di irun rẹ̀ láràárọ̀ kí ó tó lọ sílé ìwé, tí yóò fi orúnkún méjèèjì há a mọ́lẹ̀ kó má baà sá. Nígbà tó yá, ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, owó aránṣọ ló sì fi ra ààrò fún àbúrò rẹ̀. Oníkéèkì ti ní ọmọ, ó ti ní ọmọ-ọmọ, síbẹ̀ bó bá gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á máa wò yíká bóyá ohun kan wà nílẹ̀ tí òun kò tíì gbá.

Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe etí kéèkì lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó rántí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí òun. Ó po ṣúgà, ó fà á ní fọ́nrán mẹ́ta, ó ń gbé ọ̀kan gun ọ̀kan bí ẹni tó ń di irun, títí ó fi yí kéèkì po. Nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni, apá òsì ni ìdì rẹ̀ ń yí sí. Iṣẹ́ tó ń jẹ àkókò ni. Àwọn oníkéèkì yòókù ní ìlú dán an wò, wọ́n fi sílẹ̀. Bí èèyàn bá rí ìdì yẹn nínú fọ́tò ìgbéyàwó kan, kì í béèrè ẹni tó ṣe é mọ́.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Dírẹ́bà Pẹ̀lẹ́. Òun ló wa ọkọ̀ èrò òpópónà yẹn títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọjọ́ kan tó sáré. Àwọn èrò máa ń bú u pé bí aboyún bá wọ ọkọ̀ rẹ̀, inú ọkọ̀ náà ni yóò ti bí i, níbẹ̀ náà ni ọmọ yóò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn. Kì í bínú. Yóò ní, "Ẹ ṣe sùúrù. Ibi tí à ń lọ kò ní ṣí kúrò níbẹ̀."

Kéèkì tó bá jáde nínú ààrò, orí rẹ̀ máa ń wú bí ikùn. Oníkéèkì yóò fi ọ̀bẹ gígùn gé wíwú náà kúrò kó lè tẹ́jú. Èyí tó gé kúrò yẹn, Dírẹ́bà ló ni ín. Kò sí ẹni tó bá a ṣe àdéhùn, ó kàn jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ààrò ti dé. Bí òórùn bá ti gòkè bá a, á yọ orí lójú fèrèsé.

"Ìyàwó mi, orí dà?"

"Ó ń tutù, ọkọ mi."

"Má jẹ́ kó tutù jù. Èmi ni kí n jẹ orí, kí àwọn olówó máa jẹ ìdí."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé kí àrùn tó dé.

Nígbà tí àrùn dé, kónílé-ó-gbélé tẹ̀lé e. Olórí ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ìrọ̀lẹ́. Ó máa ń wọ aṣọ funfun, á káwọ́ lé orí tábìlì, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀ bí ohùn bàbá tó ń bá ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá sọ̀rọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má kó èèyàn jọ, ì báà ṣe fún ayọ̀, ì báà ṣe fún ẹkún. Ó ní kí a má lọ wo aláìsàn nílé ìwòsàn. Ó ní òun mọ̀ pé ó nira, ó ń nira fún òun náà. Àwọn èèyàn gbà á gbọ́. Kí èmi tó ń kọ èyí má purọ́, ohùn náà ṣe é gbà gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀rù ọlọ́pàá. Ó kàn gbà pé bí wọ́n bá ní kí gbogbo ilé gbé ẹrù kan, ẹnì kan kò gbọdọ̀ yọ́ sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ó gé kọ́tìnnì ilé rẹ̀, ó rán ìbòmú fún gbogbo òpópónà, ó ń fi okùn sọ ọ́ sílẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ wá kí wọn láti ìlú kejì, ó ní kó má wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọsàn, ó ní kó gbé e kalẹ̀ kó sì máa lọ. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwọn ti kó abẹ rẹ̀ pamọ́. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo orí àwọn tó ń kọjá bí àgbẹ̀ tó ń wo oko rẹ̀ tó ń di igbó. Nígbà kan ó nahùn sókè pé, "Ìyá aránṣọ, ẹ jẹ́ kí n gé irun bàbá díẹ̀. Ẹyẹ fẹ́ máa yé sí i." Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé, "Kó máa yé. Òfin kò sọ̀rọ̀ ẹyẹ."

Ààrò Oníkéèkì tutù. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìkómọ, kò sí ọjọ́ ìbí. Bẹ́ẹ̀ ló wà nígbà tí ọkọ̀ dúdú kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí akọ̀wé Olórí sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni. Ó dúró lókèèrè gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, ó sì yẹ́ ẹ sí gan-an.

"Ẹ kú ìfaradà, mà. Olórí ló rán mi. Ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ńlá. Ó ní kéèkì yín ni òun fẹ́."

"Ẹ ṣeun. Báwo ló ṣe máa tóbi tó?"

"Alájà mẹ́ta. Kó dára gan-an."

"Kí ni kí n kọ sí i lórí?"

"Ẹ má kọ nǹkan kan, mà. Ẹni tó bá ń ṣàánú kì í pariwo."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì gbà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń fi bọ́tà pa inú àwọn agolo kéèkì, ọkàn rẹ̀ sọ nǹkan kan fún un. Ó ní: kéèkì alájà mẹ́ta kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pín kiri wọ́ọ̀dù, ohun tí èèyàn ń dúró yí ká ni. Ó gbọ́ ọ. Gbígbọ́ ló gbọ́ ọ, kò lè sọ pé òun kò gbọ́. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé àwọn nọ́ọ̀sì yóò mọ bí wọ́n ṣe máa gé e, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ, nítorí inú rẹ̀ dùn láti rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ìyẹ̀fun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Dírẹ́bà yọ orí. "Ìyàwó mi, ta ló gbójú láti gbéyàwó lásìkò yìí?"

"Kì í ṣe ìyàwó, ọkọ mi. Àwọn nọ́ọ̀sì ni. Olórí fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ó ní, "Wọ́n kú iṣẹ́ o. Lọ́tẹ̀ yìí, orí tí o bá gé, fi kún tiwọn. Èmi náà yọ̀ǹda."

"Orí ò ṣe é fi kún un, ọkọ mi. Ó máa wọ́."

"Á jẹ́ pé mo máa jẹ ẹ́ nítorí tiwọn."

Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá nígbà tó gbọ́ pé nọ́ọ̀sì ni. Ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó so ìbòmú, ó ní òun máa ran àbúrò òun lọ́wọ́ kó lè yá. Kò fọwọ́ kan kéèkì rí láyé rẹ̀. Òun ló di ìdì àjà ìsàlẹ̀, tó tóbi jù. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń lò, nítorí náà ìdì ìsàlẹ̀ yí sí ọ̀tún, méjì òkè yí sí òsì. Oníkéèkì rí i, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń làágùn lé e lórí, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúdú wá gbé kéèkì lọ, àwọn méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń sin ọmọ lọ sílé ọkọ.

Lẹ́yìn náà ni ara Dírẹ́bà kò yá. Ikọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ikọ́ sì di èémí tí kò tó. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé, àwọn tó bọ́ sílẹ̀ bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, kò sí ẹni tó lè mọ ojú wọn. Ó kọ̀ kí wọ́n gbé òun. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, ó ń dúró, ó ń mí, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ yára díẹ̀." Onígbàjámọ̀ pariwo láti òdìkejì pé, "Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀." Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó sì wọ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó ní òun máa bá a lọ. Wọ́n ní òfin kò gbà. Ó jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn. Òfin ni.

Kò padà wá. Ojú fóònù ni wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ títí tí kò fi lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ín, Oníkéèkì ti wọṣọ tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó dúró sílé. "Wọ́n ní kí a má pọ̀," ó ní. Òun nìkan ló lọ, ó dúró lẹ́yìn ọgbà onírin, ó ń wo bí àwọn àjèjì ṣe ń gbé ọkọ rẹ̀ sínú ilẹ̀. Ó padà dé, ó gòkè, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti yí padà láàárín àwọn méjèèjì. Bí Oníkéèkì bá gbé oúnjẹ lọ sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, á ní "O ṣeun," á sì padà wọlé. Bí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé àlejò ló ń kọjá. Oníkéèkì rò pé ọ̀fọ̀ ni. Ó ní òun máa fún un láàyè. Ó fún un láàyè títí àyè náà fi fẹ̀ ju ohun tí òun lè dá kọjá lọ.

Òfin ti dẹ̀ díẹ̀, Onígbàjámọ̀ ti ń gé irun bí ẹni tó ń kórè, nígbà tí fọ́tò kan jáde. Ó sáré kọjá òpópónà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó fi oníbàárà kan sílẹ̀ lórí àga pẹ̀lú ìdajì orí.

"Oníkéèkì, ẹ wá wo nǹkan."

Olórí ló wà láàárín fọ́tò náà. Àwọn èèyàn yí i ká, wọ́n pọ̀ débi pé èjìká ń gun èjìká. Kò sí ìbòmú lójú ẹnikẹ́ni. Ife wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ya ẹnu bí ẹni tó ń kọrin ọjọ́ ìbí, akọ̀wé tó mọ́ tónítóní yẹn ló sì ń tan àbẹ́là. Kéèkì alájà mẹ́ta wà níwájú wọn.

"Ẹ wò ó dáadáa," Onígbàjámọ̀ ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ọwọ́ yín nìyí?"

Ó wò ó. Méjì òkè yí sí òsì. Ti ìsàlẹ̀ yí sí ọ̀tún.

Ìlú gbóná. Ẹni tó jí adìẹ òtòṣì, ó jí ti aláròyé, kò sì sí ilé tí kò ní òkú kan tó fẹ́ ròyìn. Àwọn èèyàn lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ Olórí, wọ́n ń fi ṣíbí lu ìkòkò. Wọ́n so fọ́tò àwọn òkú wọn mọ́ irin ọgbà, ìyá kan so bàtà ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnì kan ń sọ pé òun kò rí ojú bàbá òun, ẹnì kan ń sọ pé òun nìkan ló bímọ tí kò sí ẹni tó di òun lọ́wọ́ mú. Olórí jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ìpàdé iṣẹ́ ni. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ òun kàn fẹ́ mú inú òun dùn ni, pé òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé kéèkì ń bọ̀.

"Kéèkì náà ló dìde fúnra rẹ̀," Onígbàjámọ̀ ní. "Ó wọ ìbòmú, ó ń rìn ní ìtakété, ó wá kí i."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́ kó tó yíjú sí ṣọ́ọ̀bù Oníkéèkì. Olórí jìnnà, ọgbà onírin yí i ká. Oníkéèkì wà nítòsí. Obìnrin kan tó ti san owó kéèkì ìkómọ wá ní òun kò ṣe mọ́. Ẹnì kan fi ẹfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ pé, "Ṣé ó dùn?" Ìgbà náà ni akọ̀ròyìn wá, tó bi í ní ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Gbogbo èyí kò dẹ́rù bà á tó àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀. Bí ìlú bá kọ̀ ọ́, ó lè lọ sí ìlú mìíràn. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ó rìn dé ìdajì àtẹ̀gùn, ó padà. Ó tún lọ. Ó kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń tú ojú rírán ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ kan, ó ń fa òwú náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbójú sókè.

"Jókòó. Má ti ilẹ̀kùn, ooru ń mú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti rí fọ́tò yẹn."

"Ta ni kò rí i? Onígbàjámọ̀ ti fi han ajá àdúgbò."

"Wọ́n tàn mí ni. Akọ̀wé ló sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì ni. Ẹ wà lókè nígbà tó ń sọ ọ́."

"Mo wà lókè. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Ohun tí ìwọ sọ ni mo gbọ́." Ó fa òwú kan, ó já. "Pé kéèkì náà kò dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kankan, mo ti mọ̀ ọ́n kí ọkọ mi tó kú."

Oníkéèkì fa àga kan, ó jókòó.

"Nọ́ọ̀sì kan ló ń bá a di fóònù mú sétí," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. "Obìnrin kan, ohùn rẹ̀ gbẹ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí èémí rẹ̀ dára, mo gbọ́ ọ tó ń bi í pé, 'Nọ́ọ̀sì, ṣé kéèkì yẹn dùn? Ọwọ́ ìyàwó mi àti àbúrò rẹ̀ ni.' Obìnrin náà ní, 'Bàbá, kéèkì wo?' Ó ní kéèkì tí Olórí fi ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ní, 'Bàbá, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí wa.' O mọ bí ọkọ mi ṣe rí, kì í jẹ́ kí ojú tini. Ó ní bóyá ó ṣì wà lọ́nà. Ó ní, 'Má ṣèyọnu. Bí mo bá délé, màá ní kí wọ́n ṣe òmíràn. Mo jẹ yín ní kéèkì kan.'"

Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀.

"Mo rò pé ìwọ lo purọ́ fún wa. Mo rò pé o rí olówó kan tó fẹ́ ṣe fàájì, tí o fi orúkọ nọ́ọ̀sì bò ó kí n má baà bá ọ wí. Mo sì fi ọwọ́ ara mi dì í. Mo jókòó sínú ilé yìí, mo ń lé ọmọ mi padà lẹ́nu ọ̀nà, mo sì fi ọwọ́ ara mi di kéèkì àríyá."

"Ẹ kò bi mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà yẹn, ẹ kò bi mí."

"Mo ń bẹ̀rù pé o máa dáhùn ni."

Nísàlẹ̀, ẹnì kan ń bá Onígbàjámọ̀ jiyàn lórí ẹni tó kàn. Oníkéèkì rí i pé ọ̀nà ti là. Wọ́n tan òun, ẹ̀gbọ́n òun sì ti rí i báyìí nínú fọ́tò pé akọ̀wé ló tanni. Bí òun bá dúró síbẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ parí, á sì bọ́ sí rere. Kò sí ẹni tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn nígbà tó ń pa agolo ní bọ́tà. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tí ọkàn rẹ̀ sọ àfi òun nìkan.

"Ó ku díẹ̀," ó ní. "Kì í ṣe pé n kò fura. Àjà mẹ́ta, kò sì fẹ́ kí n kọ nǹkan kan sí i. Ọkàn mi sọ ọ́ fún mi pé èèyàn máa dúró yí i ká ni. Mo ní kó dákẹ́. Ààrò ti tutù pẹ́, mo fẹ́ ṣiṣẹ́. N kò mọ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ mọ̀ náà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wò ó bí ó ti máa ń wò ó láti kékeré, bí ẹni tó ń wá ibi tí aṣọ ti ya.

"Kí ló dé tí o fi sọ ìyẹn fún mi? Mo ti fẹ́ gbà ọ́ gbọ́."

"Mo ti gbọ́ bí Olórí ṣe ń sọ tirẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. N kò fẹ́ sọ tèmi bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n náà mú ṣẹ́ẹ̀tì, ó tú ojú rírán kan sí i, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọbìnrin tó wá síbí láìpẹ́ yìí, akọ̀ròyìn yẹn. Sọ ọ́ fún un bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Má yọ díẹ̀ kúrò." Ó dìde, ó so aṣọ mọ́ ìdí. "Ìyẹ̀fun wà nílẹ̀?"

"Ó wà."

"Ó dára. Ọkọ mi jẹ gbèsè kan, mo sì ti panu mọ́ lórí rẹ̀. Jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe alájà mẹ́ta. Ó fẹ̀, ó tẹ́jú, irú èyí tí wọ́n lè gé wẹ́wẹ́ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sì máa jẹ ẹ́ lórí ìrìn. Nígbà kan ẹ̀gbọ́n ní bọ́tà kò tó, àbúrò ní ó tó, ẹ̀gbọ́n fi kún un.

Oníkéèkì bá akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀, ó sọ èyí tí wọ́n wí fún un àti èyí tí òun fura sí. Àwọn kan bú u sí i nítorí ìfura yẹn, àwọn kan padà wá ra kéèkì. Akọ̀wé ní òun kò mọ obìnrin náà rí. Olórí tún jáde, ó ní bí ọ̀rọ̀ náà bá dun ẹnikẹ́ni, kó má bínú, òun sì ní iṣẹ́ láti ṣe fún ìlú. Ẹ̀gbọ́n pa tẹlifíṣọ̀n lẹ́nu mọ́. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú fọ́tò ọkọ rẹ̀, ó so ó mọ́ irin láàárín àwọn yòókù. Kò mú ìkòkò dání, kò sì pariwo.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kéèkì ló ṣáájú ìyẹn. Àwọn méjèèjì gbé e wọ ọkọ̀ èrò, wọ́n gbé e lé itan ara wọn títí dé ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Wọn kò mọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń wá. Ẹ̀gbọ́n ní nọ́ọ̀sì kan ni, wọ́ọ̀dù àwọn tí èémí ń dà láàmú ló ti ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ gbẹ díẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà ní ohùn gbogbo wọn ló gbẹ. Ó wọlé lọ, ó pẹ́, obìnrin kan sì bá a jáde, ó ń fi ọwọ́ nu ojú. Bó ti ní "Ẹ kú ọ̀sán, mà," Ẹ̀gbọ́n mọ ohùn náà, ó di apá àbúrò rẹ̀ mú.

Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé ẹni tí òun jẹ́. Ó ṣàlàyé Dírẹ́bà, fóònù tí wọ́n dì mú sí i létí, àti ohun tó sọ. Nọ́ọ̀sì náà tẹ́tí dáadáa. Ó ronú. Ó wo ilẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "N kò rántí bàbá. Wọ́n pọ̀. Fóònù gbogbo wọn ni mò ń dì mú."

Oníkéèkì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń bẹ̀rù ohun tó máa rí lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kàn mi orí.

"Kò burú, ọmọ mi. Kò di dandan kí o rántí. Gbà á."

Nọ́ọ̀sì náà na ọwọ́ méjèèjì, ó gba àwo kéèkì náà. Ó wúwo, ó sì fi àyà gbé e ró.

"Ta ni kí n sọ pé ó fi ránṣẹ́?"

"Sọ pé Dírẹ́bà Pẹ̀lẹ́ ló san gbèsè rẹ̀," Ẹ̀gbọ́n ní.

Ó dúró títí obìnrin náà fi gbé e wọlé.